Igi Tó Gbéyàwó ní Bengaluru

Ariwo ìgbálẹ̀ ló jí mi lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì tí mo dé Bengaluru. Mo yọjú lójú fèrèsé yàrá òkè tí mo gbà, mo sì rí ìyá onílé tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ti gbálẹ̀, wọ́n ti wọ́n omi sí i. Wọ́n wá ń fi àtàǹpàkò àti ìka kejì já ìyẹ̀fun funfun sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń fi í ya òdòdó sórí ilẹ̀ tútù. Kí wọ́n tó parí, èèrà ti tò dé. Ní Ìbàdàn tí mo ti wá, bí o bá jí bá ìyẹ̀fun funfun lẹ́nu ọ̀nà rẹ, wòlíì tàbí ààfáà lo máa kọ́kọ́ pè. Nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀, ńṣe ni mo fi ẹ̀yìn ra ògiri kọjá kí ẹsẹ̀ mi má baà kàn án.

Ìyá rí mi, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ìyẹ̀fun ìrẹsì ni, rangoli sì ni orúkọ àwòrán náà. Ìyá tó bí wọn ló kọ́ wọn pé kí oúnjẹ àárọ̀ tó kan onílé, kó ti kan èèrà. Lóde òní, ìyẹ̀fun òkúta ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń rà fún iṣẹ́ yìí, nítorí pé ó funfun ju ti ìrẹsì lọ. Ìyá ní, "Ṣùgbọ́n ta ní ń fún àlejò ní òkúta jẹ?"

Mo bi ọmọ ọmọ wọn obìnrin léèrè orúkọ ìyá àgbà. Ó wò mí bí ẹni tó gbọ́ èébú. Ó ní Ajji ni kí n máa pè wọ́n, ìyẹn ìyá àgbà lédè Kannada tí wọ́n ń sọ ní ìpínlẹ̀ Karnataka. Ọkàn mi balẹ̀. Ibi tí wọn kì í ti í pe àgbà lórúkọ, mo mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ibẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, èmi náà ti di "anna", ẹ̀gbọ́n ọkùnrin, lẹ́nu ẹni tó ń ta ẹ̀fọ́ àti lẹ́nu awakọ̀ Márúwá. Obìnrin tó bá jù mí lọ díẹ̀, "akka" ni mò ń pè é. Èmi kò mọ̀ nígbà náà pé ìpè ẹbí yìí kò mọ sọ́dọ̀ ènìyàn nìkan. Igi ń jẹ nínú rẹ̀, ẹyẹ ń jẹ nínú rẹ̀, òkú ọ̀run pàápàá kò gbẹ́yìn.

Malleswaram ni mo gbé fún ọdún méjì. Àdúgbò àtijọ́ ni, wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, lásìkò tí àjàkálẹ̀ àrùn lé ọ̀pọ̀ èèyàn kúrò nínú ìgboro tó há gádígádí. Orúkọ igi ni àwọn òpópónà ńlá ibẹ̀ ń jẹ́. Sampige Road wà níbẹ̀, sampige sì ni igi kan tí òdòdó rẹ̀ pọ́n bí pupa ẹyin adìẹ, tí òórùn rẹ̀ ń ta sánsán. Margosa Road wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ó pẹ́ kí n tó mọ igi tó ń jẹ́ margosa, àfi lọ́jọ́ tí mo rìn dé ìkángun òpópónà wa.

Igi méjì ló wà níbẹ̀, wọ́n lọ́ mọ́ra bí ẹni ń jìjàkadì. Wọ́n fi òkúta mọ pèpéle gíga yí wọn ká. Katte ni wọ́n ń pe pèpéle náà. Ọ̀nà ọkọ̀ tó ti ń bọ̀ gbọnrangandan láti òkè, bó bá dé ọ̀dọ̀ wọn, á yà bàrá fún wọn, kó tó tún padà tọ́. N kò mọ ọ̀kan nínú wọn rí. Ewé rẹ̀ fẹ̀ nídìí, ó sì ṣe ṣóńṣó lẹ́nu bí ìrù eku. Bí atẹ́gùn kò tilẹ̀ fẹ́ tó ohun tí ara ń gbọ́, ewé náà ń gbọ̀n. Arali ni wọ́n ń pè é. Abẹ́ irú igi yìí ni ìtàn sọ pé Búdà jókòó sí ní Bodh Gaya tí ojú inú rẹ̀ fi là. Nígbà tí mo wo ìkejì, díẹ̀ ló kù kí n kí i lédè Yorùbá. Dóńgóyárò ni!

Dóńgóyárò tí ìyá mi máa ń sè nínú ìkòkò ńlá nígbà tí ibà bá dé, tí àwa ọmọ á sì fẹsẹ̀ fẹ nítorí kíkorò rẹ̀. Tiwa ni mo pè é láti kékeré. Àṣé ilẹ̀ Íńdíà àti àwọn ilẹ̀ tó yí i ká ni orísun rẹ̀. Láyé ìjọba amúnisìn ni wọ́n gbé e wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Òun náà ni margosa. Bevu ni orúkọ rẹ̀ lédè Kannada. Lọ́jọ́ Ugadi, ọdún tuntun wọn tó máa ń bọ́ sí oṣù kẹta tàbí oṣù kẹrin, Ajji fi bevu díẹ̀ àti ṣúgà ìrèké tí kò tíì funfun sí mi lọ́wọ́ pé kí n jẹ ẹ́ pọ̀: ọdún tó ń bọ̀ yóò korò, yóò sì dùn, ẹnu ẹni gbọ́dọ̀ ti mọ méjèèjì sílẹ̀. Nígbà kan tí iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà kan gba ìwé ẹ̀tọ́ ní Yúróòpù lórí lílo òróró igi yìí láti pa olú tó ń ba ohun ọ̀gbìn jẹ́, àwọn ọmọ Íńdíà àti àwọn tó bá wọn dúró gbéjà kò ó, wọ́n ní àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ wọn ti mọ èyí tipẹ́tipẹ́. Wọ́n fagi lé ìwé náà ní ọdún 2000, ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sì kùnà ní 2005. Wọ́n ja ìjà náà bí ẹni tó lọ gba ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ gbọ́mọgbọ́mọ.

Mo bi Ajji ìdí tí igi méjèèjì fi sún mọ́ra tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní, "Tọkọtaya ni wọ́n." Mo rò pé àwàdà ni, ṣùgbọ́n wọn kò rẹ́rìn-ín. Arali ni ọkọ, bevu ni ìyàwó. Pọ̀ ni wọ́n gbìn wọ́n, nígbà tí wọ́n sì dàgbà díẹ̀, àwọn ará àdúgbò pe àlùfáà, wọ́n so òwú mọ́ wọn, wọ́n gbéyàwó fún wọn, wọ́n jẹ, wọ́n mu. Ìyá ọkọ Ajji wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Èmi tí mo ti lọ sí ìgbéyàwó tí tọkọtaya kò pé ọdún kan pọ̀, mo wo igi méjèèjì, mo sì júbà.

Lówùúrọ̀, àwọn obìnrin máa ń yí igi náà po, wọ́n á máa ka iye ìgbà tí wọ́n yí i. Àwọn tó ń wá ọmọ pọ̀ nínú wọn. Nídìí igi ni òkúta pẹlẹbẹ wà lórí ìdúró, tí wọ́n gbẹ́ ejò sí lára, ata ilẹ̀ pupa sì ti sọ wọ́n di aláwọ̀ yẹ́lò. Lọ́jọ́ Nagara Panchami, ọdún ejò, wàrà ni wọ́n ń dà sí òkúta yìí lórí. Àwọn kan kì í fi mọ sí ti òkúta. Wọ́n máa ń wá ejò gidi tí wọ́n á rọ wàrà fún. Ejò kì í mu wàrà. Èyí tó bá mu ún, òùngbẹ ló fẹ́ẹ́ pa á lọ́wọ́ ẹni tó mú un. Ajji kò bá wọn lọ síbẹ̀ rí. Wọ́n ní òkúta kì í kú.

Bí ọ̀sán bá pọ́n, abẹ́ igi yìí ni ojúde àdúgbò. Ẹni tó ń tún bàtà ṣe wà níbẹ̀. Akka tó ń ta òdòdó wà níbẹ̀, ìgbọ̀nwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń wọn òdòdó tó ti sín sínú òwú, mo sì ṣàkíyèsí pé àwọn oníbàárà kan máa ń dúró de àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, nítorí ọwọ́ onítọ̀hún gùn. Àwọn bàbá àgbà ń ka ìwé ìròyìn, ajá ń sùn lẹ́sẹ̀ wọn. Ilé ni Ajji ti gbé ọpọ́n kan jáde lọ́jọ́ kan tí mo pariwo: ọpọ́n ayò! Aliguli mane ni wọ́n ń pè é, ojúlé mẹ́rìnlá ló ní dípò méjìlá tiwa, kóró èso tamarind sì ni ọmọ ayò rẹ̀. Mo rò pé màá fi ọgbọ́n Ìbàdàn hàn wọ́n. Ajji ló jẹ́ ọ̀ta, èmi ni ọ̀pẹ.

Bí mo ṣe jókòó sábẹ́ igi náà, igi odán ló wá sọ́kàn mi. Kò sì yẹ kó yà mí lẹ́nu, nítorí ìdílé kan náà ni àwọn onímọ̀ ka arali, odán àti ọ̀pọ̀tọ́ sí, ìdílé Ficus. Igi ìdílé yìí kì í so lẹ́ẹ̀kan náà. Bí èso ti òpópónà yìí bá tán, ti òpópónà kejì á ti máa pọ́n. Ìdí nìyẹn tí ẹyẹ, àdán àti ọ̀kẹ́rẹ́ fi ń rí jẹ nínú ìlú láti January dé December. Odán kan wà ládùúgbò tí mo dàgbà sí. Màá padà sórí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ọ̀kẹ́rẹ́ Bengaluru kéré, ó sì ní ìlà funfun mẹ́ta lẹ́yìn. Ajji ní nígbà tí Rama, akọni inú ìtàn àtijọ́ wọn, ń kọ́ afárá sójú òkun lọ sí Lanka láti gba ìyàwó rẹ̀ padà, àwọn ọ̀bọ ló ń gbé àpáta. Ọ̀kẹ́rẹ́ kò lè gbé àpáta, ló bá ń yíràá nínú iyanrìn, á sáré lọ gbọn ara sáàárín àpáta. Àwọn ọ̀bọ fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Rama gbé e lé ọwọ́, ó fi ìka mẹ́ta ra á lẹ́yìn, ojú ìka náà sì wà níbẹ̀ títí dòní. Ọmọ ọdún mẹ́rin ládùúgbò wa mọ ìtàn yìí, kò sì sí èyí tó ń sọ òkò lu ọ̀kẹ́rẹ́. Lọ́dọ̀ wa, ọ̀kẹ́rẹ́ gorí ìrókò, ojú ọdẹ dá. Níbẹ̀, ọ̀kẹ́rẹ́ ń sọ̀kalẹ̀, ojú ọmọdé ló ń dán.

Ti ọ̀bọ ni mo fi ṣìṣe. Ní ọjọ́ Sátidé kan, tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọjọ́ Hanuman, òrìṣà tó ní ojú ọ̀bọ, mo rí i tí àwọn èèyàn ń fún ọ̀bọ ní ọ̀gẹ̀dẹ̀. Èmi náà na ọ̀kan sí ọ̀bọ tó jókòó sórí ògiri wa, tí irun orí rẹ̀ là sí méjì bí ẹni lo òòyà. Ó gbà á tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Nígbà tó di Sátidé kejì, ó kó ìyàwó, ọmọ àti àna rẹ̀ wá. Wọ́n wọ yàrá mi, wọ́n gbé búrẹ́dì, wọ́n da gààrí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi láti ilé sílẹ̀, wọ́n sì ṣí ìdérí táǹkì omi. Ajji yọ sí wọn pẹ̀lú ọ̀pá. Wọ́n kọ́kọ́ pa àtẹ́lẹwọ́ pọ̀ síwájú orí, wọ́n kí Hanuman, lẹ́yìn náà ni wọ́n gbá ọ̀pá mọ́lẹ̀ gbàà. Wọ́n wá kọjú sí mi: "Anna, ìbátan tó bá ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ jẹun, má sọ ọ́ di alágbe." N kò fún ọ̀bọ ní nǹkan mọ́. Ní Delhi, ọ̀rọ̀ ọ̀bọ le débi pé nígbà ìpàdé G20 ní 2023, ìjọba gbé àwòrán langur, irú ọ̀bọ mìíràn, kalẹ̀ láti fi dẹ́rù ba àwọn ọ̀bọ náà. Langur yìí jẹ́ ìbátan ẹdun tiwa, ẹdun tí a fi ń ki ìbejì. Lọ́hùn-ún àti lọ́dọ̀ wa, irú ọ̀bọ kan ti rí ilé ènìyàn wọ̀.

Kannakánná ló wọ ọkàn mi jù. Ọ̀sẹ̀ méjì wà lọ́dún tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn baba ńlá, ó máa ń parí lọ́jọ́ Mahalaya Amavasya, ní September tàbí October. Lọ́jọ́ náà, Ajji fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbé oúnjẹ lọ sórí òrùlé pẹlẹbẹ, gbogbo ilé sì dúró. Bí kannakánná kò bá tíì jẹ, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ jẹ, nítorí òun ló ń gbà á fún àwọn tó ti lọ. Ó pẹ́. Kannakánná mẹ́ta wà lórí wáyà iná, wọn kò bọ̀. Ajji ronú, wọ́n sọ̀kalẹ̀ lọ dín vade, èyí tó jọ àkàrà wa bí ọmọ ìyá, wọ́n gbé méjì kún un. Kí wọ́n tó yísẹ̀ padà, ẹyẹ kan ti bà. Ajji wò ó títí ó fi jẹ tán, wọ́n wá sọ ohun kan jẹ́jẹ́. Ọmọ ọmọ wọn túmọ̀ rẹ̀ fún mi: "Bàbá ò lè yíwà padà." Láti ọdún mọ́kànlá ni ọkọ wọn ti kú.

Mo lè parí ọ̀rọ̀ síbí, kí n sọ pé ẹni tó bá ka ẹyẹ mọ́ ẹbí kò ní pa á lára. Ṣùgbọ́n mo dé Ramanagara, mo sì rí i pé ọ̀rọ̀ kò rọrùn bẹ́ẹ̀.

Ìlú náà tó nǹkan bí 50 kìlómítà sí Bengaluru. Lórí àpáta rẹ̀ ni wọ́n ti ya fíìmù Sholay tó jáde ní 1975. Èmi tí mo wo fíìmù Íńdíà dàgbà, mo bá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi lọ nítorí Sholay, kì í ṣe nítorí ẹyẹ. Ibẹ̀ ni mo ti rí pátákó ìjọba tó sọ pé ibi ààbò igún ni: láti 2012 ni wọ́n ti yà á sọ́tọ̀. A wo ojú ọ̀run títí ọrùn fi ń dùn wá. A kò rí igún kan.

Kò sẹ́ni tó kórìíra igún níbẹ̀. Nínú ìtàn Rama, Jatayu tó jẹ́ ọba àwọn igún ló kú nítorí pé ó gbìyànjú láti gba Sita, ìyàwó Rama, sílẹ̀. Ara màlúù ni ọ̀rọ̀ gbà wọlé. Ọ̀pọ̀ èèyàn níbẹ̀ kì í pa màlúù. Bó bá ṣàìsàn, wọ́n á tọ́jú rẹ̀, bó bá kú, igún ló ń jẹ ẹ́. Láàárín àwọn ọdún 1990, oògùn kan tí kò wọ́n gbòde fún ara ríro màlúù: diclofenac, èyí tí ẹ̀yin náà ń rà ní kẹ́míìsì nígbà tí ẹ̀yìn bá ń ro yín. Ara màlúù gbà á. Bí igún bá jẹ òkú màlúù tí oògùn ṣì wà lára rẹ̀, kíndìnrín rẹ̀ á dáṣẹ́ sílẹ̀. Láàárín 1992 sí 2007, irú igún kan tó jẹ́ pé òun ló pọ̀ jù tẹ́lẹ̀ dín kù débi pé nínú ọgọ́rùn-ún, kò ku odindi kan. Ọdún 2004 ni ìwádìí tó tú àṣírí jáde, ní 2006 ni Íńdíà fòfin de oògùn náà fún ẹran ọ̀sìn. Àánú ló pa igún. Ẹni tí yóò bá ka ẹyẹ mọ́ ẹbí gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ẹyẹ ń jẹ.

Àwa náà ní a kì í pa igún, a kì í jẹ igún. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, orí òrùlé ibi tí wọ́n ti ń pa ẹran dúdú fún wọn. Mo wò ó nígbà tí mo padà délé, páànù lásán ni mo rí, orí igún sì wà lórí àtẹ àwọn tó ń ta èlò oògùn.

Ká padà sórí igi. Obìnrin kan wà rí ní Karnataka tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Saalumarada Thimmakka. Thimmakka lorúkọ rẹ̀. Saalumarada jẹ́ oríkì tí ará ìlú fún un, ó túmọ̀ sí ẹni igi tó tò lọ rẹrẹ. Òun àti ọkọ rẹ̀ kò bímọ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbin igi banyan, ìbátan arali, sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì láti Hulikal lọ sí Kudur, wọ́n ń fi garawa gbé omi lọ bomi rin wọ́n, wọ́n ń fi ẹ̀gún ṣọgbà yí wọn ká kí ẹran má baà jẹ wọ́n. Igi 385 ni ìròyìn kà. Kò lọ sílé ìwé. Nígbà tó lọ gba oyè Padma Shri ní 2019, Ààrẹ Íńdíà tẹrí sí i, màmá náà sì gbé ọwọ́ lé e lórí, ó súre fún un. Bí àwọn igi náà ṣe jẹ́ ọmọ fún un, bẹ́ẹ̀ náà ni Ààrẹ.

Kì í ṣe gbogbo igi ló rí irú ìyá bẹ́ẹ̀. Mo rí igi tí wọ́n kan ìṣó pátákó ìpolówó mọ́, èyí tí wọ́n da kọ́ńkéré mọ́ lọ́rùn, àti màlúù mímọ́ tó ń jẹ ọ̀rá nídìí ààtàn. Ní 2016, ìjọba fẹ́ kọ́ afárá onírin kan gba inú ìlú kọjá, igi 812 ló sì máa lọ sí i. Àwọn ará Bengaluru tú síta ní October, wọ́n fọwọ́ so ọwọ́ lẹ́bàá títì. Ní March 2017, ìjọba jáwọ́ nínú rẹ̀.

Òjò tó ń ṣáájú òjò gidi, tí wọ́n sọ lórúkọ máńgòrò, rọ̀ lóru ọjọ́ kan nígbà tó kù díẹ̀ kí n padà sílé. Ìjì inú rẹ̀ fa ẹ̀ka arali òpópónà wa ya, ó wó lu ìsọ̀ ẹni tó ń tún bàtà ṣe. Mo rò pé ayùn ni màá jí gbọ́. Ariwo ìgbálẹ̀ náà ni. Ajji ya rangoli wọn tán, wọ́n gbé ata ilẹ̀ pupa, wọ́n rọra gun katte, wọ́n fi pa ojú egbò igi náà. Àwọn ọkùnrin gé ẹ̀ka tó ṣubú, wọ́n tún ìsọ̀ náà kọ́ sí apá kejì. Ìyàwó, ìyẹn dóńgóyárò, ló gbé ọkọ rẹ̀ dúró.

Odán àdúgbò wa ní Ìbàdàn kò ní ọkọ, kò ní ìyàwó. Ìbẹ̀rù nìkan ló dá a sí: wọ́n ní àwọn ìyá ń ṣèpàdé níbẹ̀ lóru. Nígbà tí ìbẹ̀rù náà wá kúrò lára àwọn èèyàn, tí àwọn olùjọ́sìn kan gba ààwẹ̀ ọjọ́ méje sí i, ayùn parí rẹ̀ ní ọ̀sán kan ṣoṣo. Èmi náà wà lára àwọn ọmọdé tó pàtẹ́wọ́. Àwọn bàbá tó ń ta ayò lábẹ́ rẹ̀ gbé ọpọ́n wọn lọ sábẹ́ òrùlé páànù, ooru lé wọn kúrò níbẹ̀, mi ò rí wọn mọ́. Ohun tí a bẹ̀rù nìkan, ọjọ́ tí ẹ̀rù bá lọ ni yóò lọ. Ohun tí a kà mọ́ ẹbí, bí ìjì tilẹ̀ fà á ya, à ń fi oògùn sí i.

Ajji pe mi lórí fóònù ní oṣù tó kọjá. Lẹ́yìn tí wọ́n béèrè ìyá mi àti gbogbo ará ilé, wọ́n ní kí n yí fóònù síta kí àwọn rí igi tó wà níwájú ilé wa, kí n sì sọ orúkọ rẹ̀ fún àwọn. Mo yí i síta. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ yọjú wo iwájú ilé tiyín kí ẹ tó bú mi. Kọ́ńkéré ni Ajji rí.